Ẹ̀lúlùú Ẹ̀yìnkùlé Wa ní Ìsọlọ̀

Ẹyẹ mẹ́tàdínlógún ni mo ti kọ orúkọ wọn sínú ìwé àjákọ mi kí n tó wá ṣi ọ̀kan ṣoṣo mú. Mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ èyí, torí bí mo bá fi pamọ́, ìtàn náà á dà bí ẹni pé ọlọ́gbọ́n ni mí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, níbi tí mo ti fi ọdún mẹ́ta kọ́ nípa ẹranko. Mo ń retí lẹ́tà tí yóò sọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n máa rán mi lọ gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé lẹ́tà náà máa dé, ẹ̀rù sì ń bà mí pé kò ní í dé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni mo ń gbé ní Ìsọlọ̀, nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ tí tírélà ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ níbẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Aláró ni, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹ̀yìnkùlé ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Á fi ìyẹ́ adìyẹ kun ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, á sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ, kó tó rì í sínú ìkòkò aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá pa aṣọ náà kí ẹ̀kọ tó gbẹ, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ti bá omi lọ.

Igbó eèsún kan wà lẹ́yìn ògiri wa. Àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ jókòó lé orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí mo gbé ìwé ẹyẹ mi lé itan, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ bí inú mi ti dùn tó. Àwọn ẹ̀gà ń fa imọ̀ ọ̀pẹ ya, wọ́n ń pariwo bí ẹni pé wọ́n ń jà du ilẹ̀. Àwòdì ń yí po lókè, bàálù sì ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ sí Ìkẹjà. Bí mo bá ti rí ọ̀kan tó bá àwòrán inú ìwé mu, màá sáré kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ayálégbé wa kan tó ń gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ wẹ̀, tòun ti táwẹ́ẹ̀lì lọ́rùn.

“Alákọ̀wé! Ṣé ẹyẹ náà lo lọ kà ní yunifásítì lóòótọ́? Bàbá ẹ mọ̀?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ ń lé wọn.”

“Ẹyẹ onírin tèmi ní Ìkẹjà, bí mo bá lu ìlẹ̀kùn ẹ̀ gan-an, kì í fò lọ!”

Ní ọjọ́ kan, ohùn kan dún láti inú eèsún: ù-ù-ù-ù-ù, ó ń rẹlẹ̀, ó ń yára, bí omi tó ń tú jáde lẹ́nu ìgò. Màmá gbé orí sókè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

“Ẹ̀lúlùú ti ké. Òjò ń bọ̀. Bá mi kó aṣọ.”

Oòrùn ń ràn yòò. Mo rẹ́rìn-ín. Títí di òní, ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí.

“Màmá, àdàbà nìyẹn. Ẹ̀lúlùú kì í gbé àárín ilé iṣẹ́. Àdàbà ò sì mọ nǹkan kan nípa òjò.”

“O rí i ni?”

“Ẹ̀yin náà ńkọ́, ṣé ẹ ti rí i rí?”

“Ohùn ẹ̀ ni mo mọ̀. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń kìlọ̀ fún mi.” Ó wo ìwé orí itan mi, ó wo aṣọ. “Ó dáa. Ìwọ lo kàwé ẹ̀.”

Ó fi aṣọ sílẹ̀ lórí okùn. Kí fèrè ilé iṣẹ́ tó dún lọ́sàn-án, òjò ti dé. Gbogbo wa sáré jáde, ayálégbé náà ro táwẹ́ẹ̀lì mọ́dìí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ ara aṣọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti ń ṣàn lọ sínú kòtò. Màmá kò pariwo. Ó ń fún aṣọ lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀lúlùú tó pe òjò, orí ara rẹ̀ ló pè é lé.” Mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí. Ìbá ti sàn fún mi kó gbá mi létí.

Ó tún àwọn aṣọ náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wá ń jẹ mí lọ́kàn ju aṣọ lọ ni pé láti ọjọ́ yẹn, bí ohùn náà bá ti dún, Màmá á kọ́kọ́ wo ojú mi kó tó dìde. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi gbọ́kàn lé etí ara rẹ̀, èmi ni mo ba ìgbẹ́kẹ̀lé náà jẹ́ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo fẹ́ dá a padà fún un. Ó di dandan kí n fi ojú ara mi rí ẹyẹ yẹn.

Ní Ọjọ́rú, àwọn ọkùnrin kan wá kan èèkàn sínú eèsún, wọ́n ta okùn mọ́ ọn. Owó epo rọ̀bì ti wọ̀lú, gbogbo èèyàn ló ń kọ́lé. Wọ́n ní ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n fẹ́ kọ́, katapílà á dé ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù fún mi láti rí ẹyẹ náà. Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀fọn nìkan ni mo rí. Ní ọjọ́ Ẹtì, àdàbà kan bà sórí ògiri, ó sì ké níwájú mi gan-an. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá! Mo fò dìde lórí odó. Inú mi dùn pé mo ti ṣàṣìṣe, bí ẹ bá lè gbà mí gbọ́.

Àárọ̀ Sátidé ni mo gba ibi tí ògiri ti ya wọ inú eèsún láìwọ bàtà. Ìrì rẹ mí dé orúnkún. Mo wá rí i: ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí amọ̀, orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ funfun, ìrù rẹ̀ gùn, ojú rẹ̀ pupa yòò. Tata wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń rìn gọ́ngọ́n lórí eèsún bí ẹni tó wọ bàtà àyálò. Mo ti rí i nínú ìwé tipẹ́! Mo ti kọjá ojú ewé yẹn lọ, torí lójú tèmi, ẹyẹ inú ìwé kì í gbé ẹ̀yìn balùwẹ̀ wa.

Mo sá padà. “Màmá, ẹ wá! Ẹ má sáré o! Ẹ tètè!”

“Ejò ni?” Ayálégbé ti gbé igi.

Màmá wá, aró dé ìgúnpá rẹ̀. Mo nàka. Ẹyẹ náà gbé tata mì, ó tẹrí ba, ọ̀fun rẹ̀ wú: ù-ù-ù-ù-ù.

“Ìwọ rèé?” Màmá sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Gbogbo ọdún tó o ti ń pè mí, mi ò mọ̀ pé ojú ẹ pọ́n báyìí.”

“Ó jọ ọ̀gá mi tí ò bá tíì sùn,” ni ayálégbé wí.

Omijé ń bọ̀ lójú mi, ẹ̀rín náà ń bọ̀. “Màmá, ẹ̀yin lẹ jàre.”

Ó ti kọjú sí okùn aṣọ. “Ẹ kó aṣọ.”

Kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run. Mo ní àlàyé lẹ́nu, mo gbé e mì, mo kó aṣọ. Òjò kò rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Katapílà dé ní ọjọ́ Ajé lóòótọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ilẹ̀ pupa ló kù. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà mi dé. Láàárọ̀ tí mo fẹ́ lọ, mo ti gbé báàgì mi sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí ohùn náà dún láti ọ̀nà jíjìn, níhà Òkóta. Díẹ̀ ló kù kí ariwo tírélà bò ó mọ́lẹ̀. Màmá gbé orí sókè. Kò wo ojú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ kúrò lórí okùn.