Gbé E Nàró Ná

Mo gbé e! Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi nìkan ló gbé e nàró!

Máṣíìnì ńlá ni mò ń wí o. Àbúrò bàbá mi tó ń tún ọ̀kadà ṣe n'Írè ló ni ín. Inú máa ń bí wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Tó o bá gun ọ̀kadà dé ọ̀dọ̀ wọn láìdé akoto, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́: "Ọmọ mélòó la fẹ́ sin kẹ́ ẹ tó gbọ́n?"

Tó o bá fẹ́ bọ́ sórí ọ̀kadà ńlá yẹn, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀ síwájú ẹ. "Gbé e, ìwọ tó rí bí ìgbálẹ̀ yìí! Tó bá wó lọ́nà oko, ta ló máa bá ẹ gbé e?"

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kùnà. Ìgbà kẹrin ló nàró, wọ́n sì ju kọ́kọ́rọ́ sí mi láìrẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé wọn sẹ́yìn lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Wọ́n ń bú mi ní gbogbo kọ́nà, èmi náà ń rọra.