Ìwọ́ Bàbá Mi Wà ní Jẹ́ríkò

Láyé òyìnbó, òfin ò gbà kí ènìyàn dúdú gbé ní Jẹ́ríkò n'Ìbàdàn, àfi ìránṣẹ́, láìsí aya, láìsí ọmọ. Kúùkù ni bàbá mi àgbà nílé òyìnbó kan níbẹ̀. Ìyá àgbà yọ́ wọlé wá bá wọn, wọ́n sì bí bàbá mi sí yàrá ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, wọ́n rì í sábẹ́ máńgòrò.

Èmi ni mo ni ilé náà báyìí. Alága àdúgbò wá ní ẹbí mi tó wá bá mi wẹ ọmọ tuntun ti pọ̀ jù, pé àdúgbò ẹni ńlá nìyí. Ìwọ́ ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni. Mo gbé ọkọ́, mo rì í sábẹ́ máńgòrò yẹn lójú ẹ̀. Mo ní, "Ẹ lọ sọ fún òyìnbó tó rán yín."