Ọ̀bẹ Inú Ewé Ànàmọ́

Iṣẹ́ tí Fábùkọ́lá Awótọ́lá yàn láàyò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nídìí oúnjẹ. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni l'Ọ́fà. Ẹbí ẹ́ńsáìmù kan ló ń wádìí, àwọn tó máa ń gé purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi kú. Wọ́n wà lára èèyàn, wọ́n wà lára kòkòrò, àwọn ìbátan wọn tó jìnnà sì wà nínú ewé. Ti inú ewé ànàmọ́ àtijọ́ kan ló ń wá, oko bàbá rẹ̀ lọ́nà Ìjàgbó nìkan ló sì mọ̀ pé ó kù sí. Bí kò bá rí ìtàkùn rẹ̀ gbà kí òjò tó dáwọ́ dúró, iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè dókítà ní yunifásítì di àmọ́dún nìyẹn.

Ọjọ́ tí Bàbá ń gbin nǹkan ló lọ bẹ̀ ẹ́. Nílé Awótọ́lá, a kì í dárúkọ ikú létí ebè tuntun. Ó kúkú mọ̀, ìwé ló gba gbogbo àyè orí rẹ̀. Bàbá bi í pé kí ló fẹ́ fi ìtàkùn ṣe.

"Ohun tó ń fa ikú ni mò ń wá nínú rẹ̀, Bàbá."

Ẹyin lohùn. Bàbá na ọkọ́ sí ọ̀nà, ó ní kó máa lọ.

Ó sunkún délé. Lọ́sẹ̀ kejì ó padà lọ, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ahéré.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ wo ọwọ́ yín. Nínú oyún, awọ ló so ìka pọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín ní láti lọ kí ìka tó yà. Àwọn ẹ́ńsáìmù yìí ló ń ṣe é. Inú àkọ̀ ni wọ́n máa ń wà bí ọ̀bẹ, títí ara yóò fi fà wọ́n yọ. Ojú ibi tí wọ́n fi ń gé nǹkan jọra láti ara ewé dé ara wa, bí ilà ìdílé. Ohun tí kálukú ń gé ló yàtọ̀."

Bàbá fọwọ́ kan ilà ojú rẹ̀. "Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kọ̀ tí kò lọ ńkọ́?"

"Ó lè máa pọ̀ sí i, kó di jẹjẹrẹ."

Jẹjẹrẹ ọmú ló mú ìyá Fábùkọ́lá lọ. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́, ló ń bọ́ ọ, títí dópin.

Bàbá kọjú sí i. "Ṣé ẹ̀yin oníwèé ti mọ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀bẹ náà yọ?"

"Àwọn oògùn kan ti ń gbìyànjú, Bàbá. A ṣì ń wá."

Bàbá dìde, ó mú àdá, ó gé ìtàkùn títí apá ọmọ rẹ̀ fi kún.

"Ìyá rẹ ló mú irú èyí wọ oko yìí," ó ní. "Bí kò bá tó, padà wá."