Igi Ọsàn Inú Garawa

Bàbá Ọlọ́sàn ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ọsàn rẹ̀ kò so rí. Ọdún mọ́kànlá ni igi náà fi wà nínú garawa ọ̀dà lẹ́yìn yàrá tó háyà. Kò ga ju àyà mi lọ, ewé rẹ̀ ò sì pé ogójì. Mo ti kà á.

Ìyàwó rẹ̀ ló gbìn ín. Ó jẹ ọsàn lọ́jọ́ kan, ó tu kóró rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní òun fẹ́ já ọsàn lórí igi òun fúnra òun. Ibi tí wọn ó gbìn ín sí ló di wàhálà. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ń ro. Ẹni tó ń ro ilẹ̀ onílẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin igi, torí ẹni tó bá gbin igi ti fẹ́ sọ ilẹ̀ náà di tirẹ̀ nìyẹn. Àwọn yòókù ń yọ́ igi gbìn sí kọ̀rọ̀ oko wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní òun ti bá onílẹ̀ ṣe àdéhùn. Ló bá lọ wá garawa.

Ọdún kẹfà ni ìyàwó náà kú. Àárò rẹ̀ ń sọ ọkọ rẹ̀ gan-an. Láràárọ̀, kó tó bọ́jú, á ti bomi rin igi yẹn, á sì kí i bí ẹni ń kí èèyàn.

Lọ́dún tó kọjá, ìjọba ní kí àwọn tó ń ro ilẹ̀ onílẹ̀ wá gba ìwé. Ẹni tó bá rí i gbà, kò sẹ́ni tó lè lé e kúrò mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ó sì lè gbin ohun tó bá wù ú. Onílẹ̀ ti kú nígbà yẹn, ọmọ rẹ̀ sì ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ náà. Láìsí ìwé, oko ogójì ọdún lọ nìyẹn. Èmi ni mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n bàbá mi lọ.

Akọ̀wé ò tiẹ̀ gbójú sókè. “Bàbá, kí lẹ gbìn tó fi hàn pé ẹ ti pẹ́ níbẹ̀?”

“Àgbàdo, ọmọ mi. Àti ẹ̀wà.”

“Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí. Igi ńkọ́?”

“Mi ò gbin igi. Wọ́n ní n má gbìn ín.”

Akọ̀wé fa ìlà gbọọrọ sórí fọ́ọ̀mù. Inú bí mi gan-an. Àwọn tó yọ́ igi gbìn ti gba ìwé tiwọn, wọ́n ń fi í fẹ́ ara níta.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé garawa náà sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó sì gbé e ka iwájú akọ̀wé. Ó ní igi tí wọ́n béèrè nìyí. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni kò rẹ́rìn-ín. Opó onílẹ̀ náà ni.

“Ọkọ mi ló ní kó má gbin igi,” ó ní. “Mo wà níbẹ̀. Ẹ lọ wo oko ẹ̀, bẹ́ ẹ bá rí igi kan ṣoṣo níbẹ̀, ẹ má fún un níwèé. Àìsí igi yẹn gan-an lẹ̀rí ẹ̀.”

“Màmá, ọmọ yín ńkọ́?” akọ̀wé bi í.

“Á bínú. Kó máa bínú.”

Akọ̀wé mú fọ́ọ̀mù mìíràn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà la lọ sóko. Nígbà tí a gé garawa náà kúrò, a rí i pé gbòǹgbò igi ti lọ́ mọ́ra wọn yípo yípo. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń fi ìka tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tú irun. Mo bi í pé ìgbà wo ló máa so. Ó ní bóyá ọdún mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni.

Ó gbìn ín sílẹ̀, ó bomi rin ín. Lẹ́yìn náà, ó tẹ́ àpò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ó sì fi àyè ẹnì kan sílẹ̀.