Iná Tí Mo Ní Ó Ti Lọ

Lọ́rì Rájí tún kú sí àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mápó ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ku ọdún díẹ̀ kí ìjọba òyìnbó kógbá sílé nígbà náà. Àwọn èrò tó jókòó sórí pákó inú ọkọ̀ náà kò tiẹ̀ dúró kí Rájí sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó máa bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń gbé agbọ̀n wọn, wọ́n ń bú u wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bọ́lẹ̀kájà ni gbogbo Ìbàdàn ń pe irú ọkọ̀ onípákó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti Rájí, Bọ́lẹ̀-ká-tì-í ni wọ́n sọ ọ́. Rájí ní tirẹ̀ gbà pé àwọn aráalé òun ló ń fi ọwọ́ bọ ọkọ̀ náà lójú. Tírà méjì ló so mọ́ sítíárì rẹ̀, síbẹ̀ lọ́rì ń kú.

Ó rán ẹnì kan wá pè wá ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀. Èmi àti ọ̀gá mi kó irinṣẹ́ díẹ̀ sínú àpò, a sì fi ẹsẹ̀ rìn ín. À ń jiyàn bí a ti ń lọ.

Ọ̀gá Làsísì ni orúkọ ọ̀gá mi, ọmọ Bẹyẹrunka ni. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í rẹ́rìn-ín ṣáájú ìrun ọ̀sán. Mo ti gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún méjì ṣáájú, mo ti gbéyàwó, ṣùgbọ́n mo ṣì ń bá a ṣiṣẹ́ nítorí n kò tíì rí ibi tí n ó dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sí. Ká sòótọ́, mo tún ń bá a ṣiṣẹ́ nítorí kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ẹ́ńjìnnì tó o ní gbogbo agbègbè Mápó. Ó lè dúró sí ojú títì kí ọkọ̀ kọjá, kó ní, “Fáàfù kẹta ọkọ̀ yẹn ti jó.” Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ náà á wọ́ ọ wá.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé ohun mẹ́ta ni kí n máa bi ọkọ̀ tó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ṣé epo ń dé ọ̀dọ̀ rẹ? Ṣé iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ? Ṣé o ṣì ní èémí? Epo ni bẹntiróòlù tó ń ti inú táǹkì wá sí kábúrétọ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń pò mọ́ ọn. Èémí ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa epo náà wọlé tó sì ń fún un pọ̀. Iná ni èyí tó ń ta pàrà lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì tó ń mú kí epo náà gbiná. Inú kọ́ìlì ló ti ń wá, ìyẹn agolo dúdú kan báyìí tó ń sọ agbára kékeré inú bátìrì di ńlá.

Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù wa, súwíìṣì náà, iná là ń pè é. Bí ọ̀gá bá ní kí n tan iná, súwíìṣì ni kí n ṣí. Bí mo bá ti pa á, màá ní iná ti lọ. Àtùpà tí a fi ń wo abẹ́ ọkọ̀, iná ni. Iná tí ìyàwó mi fi ń se ọbẹ̀, iná náà ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là ń lò fún gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó ka ìyẹn sí nǹkan.

Mo ti ṣe àṣìṣe tó pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, a sì fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Tíṣà kan ní Mólété gbé mọ́tò kékeré kan wá nígbà kan, ó ní ó ṣàdédé kú. Mo tú kábúrétọ̀ rẹ̀ palẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo tò ó padà, kò dáhùn. Mo tún un tú. Ọjọ́ kejì ni Ọ̀gá Làsísì yọjú, ó ṣẹ́ igi kan, ó tì í bọ inú táǹkì, ó fà á jáde. Igi náà gbẹ furúfurú. Ó nà án sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n tọ́jú rẹ̀, pé òun ni yóò máa ṣe ọ̀gá mi láti òní lọ. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín títí ojú fi tì mí.

Ti lọ́rì Rájí kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Bó bá tutù lówùúrọ̀, ìyí kan báyìí, ó ti dáhùn. Á ṣiṣẹ́ dáadáa títí á fi gbóná, títí á fi dé ibi òkè, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, tí yóò sì kú. Bí a bá fi sílẹ̀ díẹ̀ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tún dáhùn bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ohun méjì ló lè fa irú rẹ̀. Epo lè máa hó nínú páìpù nítorí ooru, kó má lè ṣàn mọ́. Kọ́ìlì sì lè jẹ́ èyí tó ti gbó, tí iná rẹ̀ ń sá lọ bó bá ti gbóná. Àmì kan náà ni àwọn méjèèjì ń fi hàn, àfi kí èèyàn ká a mọ́ ibi tó ti ń kú.

“Epo ló ń hó,” ni ọ̀gá wí bí a ti ń gun òkè.

“Ọ̀gá, kọ́ìlì ni.”

“Ta ló kọ́ ọ ní kọ́ìlì?”

“Ẹ̀yin ni.”

Ó pòṣé. Láti ọjọ́ Ajé ni a ti wà lórí ìjiyàn náà, òun sì ti fi aṣọ tútù wé páìpù epo lẹ́ẹ̀mejì láìrí ojútùú. Mo ti pinnu nínú ara mi pé lọ́jọ́ yìí, màá borí rẹ̀.

Rájí ti ń jí ọkọ̀ náà láìdabọ̀ kí a tó dé, ooru rẹ̀ kò tíì lọ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yẹn, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ń ṣí sí. Bí a bá gbé e sókè, ẹni tó wà lápá ọ̀tún kì í rí ọwọ́ ẹni tó wà lápá òsì. Ọ̀gá lọ sí apá ibi tí kábúrétọ̀ wà, èmi lọ sí apá pọ́lọ́ọ̀gì. Mo tú pọ́lọ́ọ̀gì kan jáde, mo fi wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu padà, mo tẹ́ ẹ sórí irin ẹ́ńjìnnì kí n lè rí i bó bá ta iná. Súwíìṣì wà ní ṣíṣí. Mo ní kí Rájí fi háńdù yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú. Háńdù yìí ni irin gígùn tí a máa ń kì bọ imú ọkọ̀ láti fi jí i. Ó yí i. Mo tẹjú mọ́ ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì. Kò ta pàrà. Mo ní kó tún un yí. Kò sí nǹkan kan.

Inú mi dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn gidigidi. Mo ti ká kọ́ìlì náà mọ́ ibi tó ti ń kú.

Ní apá kejì, Ọ̀gá Làsísì ti bu bẹntiróòlù sínú agolo mílíìkì. Ó fẹ́ da díẹ̀ sí ẹnu kábúrétọ̀, kí a yí ẹ́ńjìnnì lófo lẹ́ẹ̀mẹta láìṣí súwíìṣì kó lè fa epo náà mu, kí a tó wá jí i. Bí gbogbo mẹkáníìkì ṣe ń ṣe é nìyẹn, tí wọ́n bá rò pé epo kò dé. Kí ó tó dà á, ó bi mí bó ti máa ń bi mí nígbà gbogbo.

“Múfú, iná ńkọ́?”

“Iná ti lọ, Ọ̀gá!” Mo fi ayọ̀ pariwo rẹ̀. “Ó ti lọ pátápátá!”

Mo gbọ́ tó ní, “Ó dáa. Rájí, yí i.” Mo rò pé ó fẹ́ kí n wo ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè gbà fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Kò sì sí ẹni tó rántí pé bí a ti ń fi ọ̀rọ̀ ṣòfò yẹn, atẹ́gùn òkè Mápó ti ń fẹ́ sí kọ́ìlì náà, ó sì ti ń tutù.

Rájí yí i. Ẹ́ńjìnnì fa epo tí ọ̀gá ti dà sí kábúrétọ̀, ó tu ú jáde láti inú ihò tí mo ti yọ pọ́lọ́ọ̀gì, pọ́lọ́ọ̀gì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà sì ta pàrà. Ariwo tó dún, bùù, kò tiẹ̀ pọ̀. Irun ojú mi ló jó, mo fò sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n iná náà ti gba orí ẹ́ńjìnnì dé apá kejì, agolo bẹntiróòlù sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó ku díẹ̀ kó kan àyà rẹ̀.

N kò ní ṣàlàyé ohun tí mo rí. Obìnrin kan nínú àwọn èrò ló tú ìró ara rẹ̀, tó fi bò ó mọ́lẹ̀, tó dùbúlẹ̀ lé e. Àwọn yòókù ń bu iyẹ̀pẹ̀. Èmi dúró, mo la ẹnu sílẹ̀, pọ́lọ́ọ̀gì wà lọ́wọ́ mi, n kò mọ ìgbà tí mo mú un. Ọkọ̀ oníṣu kan ló gbé e lọ sí ọsibítù.

Wọ́n fi báńdéèjì wé ojú àti ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sàúdá, jáde lọ pọn omi, ó ku èmi nìkan.

“Múfú.”

“Ọ̀gá.”

“Iná wo lo sọ?”

“Iná pọ́lọ́ọ̀gì ni, Ọ̀gá.”

Ó rọra yí ojú tí wọ́n wé náà sí ọ̀dọ̀ mi.

“Kọ́ìlì ni nígbà náà,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ọ̀gá.”

“Lọ bá Rájí pààrọ̀ rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá mi sọ nìyẹn. Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú, wọ́n sì sin ín sí Bẹyẹrunka lọ́jọ́ náà gan-an. Ààfáà wàásù, ó ní kádàrá ni. Rájí ń sunkún, ó ní àwọn aráalé òun ló ta ọfà sí òun tó lọ ba ẹlòmíràn. Gbogbo èèyàn gbà pé báyìí ni Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó bi mí ní ìbéèrè. Ìbá sàn fún mi bí ẹnì kan bá bi mí.

Mo pààrọ̀ kọ́ìlì náà. Lọ́rì Rájí kún fún èrò, ó gun Mápó dé òkè láìwúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn èrò pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo sọ̀ kalẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn Mápó, mo lọ sẹ́yìn ògiri kan, mo bì.

Nígbà tó yá, mo dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ní Mólété. Mo ṣòfin níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe nǹkan kan ní iná àfi iná tó ń jó. Sípáàkì ni èyí tó ń ta pàrà lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì, súwíìṣì ni súwíìṣì, kí ẹnì kan sì tó fọwọ́ kan háńdù, kí gbogbo wa kọ́kọ́ rí ọwọ́ ara wa. Àwọn ọmọṣẹ́ mi ń pè mí ní Bàbá Sípáàkì lẹ́yìn, wọ́n rò pé n kò gbọ́. Wọn kò mọ ìdí rẹ̀, n kò sì sọ fún wọn.

Lọ́dọọdún, bí ọdún Iléyá bá dé, mo máa ń gbé ẹran lọ fún Ìyá Sàúdá. Á gbà á, á ṣàdúrà fún mi, á wá jókòó, á máa wò mí.

“Múfú, ṣé kò sí o?”

“Kò sí, Ìyá.”

Màá sì dìde. Bí mo bá ti dé ojú títì, màá máa bú ara mi. Mo ń bẹ̀rù pé kò ní fẹ́ fojú kàn mí mọ́, pé àwọn ọmọ rẹ̀ yóò máa pè mí ní apani. Ọdún karùn-ún ni ọkàn mi kò gbà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, ohun tó bi mí àti ohun tí mo fi dá a lóhùn, àti bí inú mi ṣe dùn.

Kò sunkún. “Mo mọ̀,” ló wí. “Ó sọ fún mi kó tó kú. Ó ní n kò gbọdọ̀ bi ọ́. Ó ní bí o bá fi ẹnu ara rẹ wá sọ ọ́, kí n kó gbogbo irinṣẹ́ òun fún ọ.”

N kò lè gbójú sókè.

“Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Múfú. Mo ní ṣé kò sí, o ní kò sí. Wọ́n ń dípẹtà. Mo bá tà wọ́n fún alágbẹ̀dẹ kan ní Ọjà'ba.”

Mo lọ bá alágbẹ̀dẹ náà lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ó rántí wọn dáadáa, ó ní irin tó dára ni. Ọkọ́ ló fi wọ́n rọ, àwọn àgbẹ̀ sì ti rà wọ́n tán.

Ó lé lógún ọdún tí mo tún fi ṣe mẹkáníìkì lẹ́yìn náà. Irinṣẹ́ tí mo lò títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọjà ni mo ti rà á.