Iyán Tí Tíṣà Ní A Ò Gbọdọ̀ Jẹ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí, kí n ròyìn iyán kan fún yín. Ó ti pẹ́ o! Nígbà náà, èmi ọmọ Òṣogbo, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé ìwé girama kan n'Íléṣà.

Tíṣà wa kan wà, Tíṣà Fálóyè. Ọkùnrin yẹn le! Òun ló kó wa jọ, tó ní ní gbogbo Sátidé ká máa lọ bá àwọn arúgbó pọnmi, ká sì máa bá wọn tún ilé ṣe. Ó wá fòfin dè wá: a ò gbọdọ̀ gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí a ṣiṣẹ́ fún, ì báà ṣe ẹ̀pà. Ẹni tó bá gbà á, odidi ọ̀sẹ̀ ni yóò fi gé koríko pápá. Ó ní iṣẹ́ àánú tí a bá gba nǹkan lé lórí ti di òwò nìyẹn.

Ẹ gbọ́ ná, ta ló fẹ́ gé koríko pápá?

Ní Sátidé kan, ó rán wa lọ sọ́dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ń dá gbé, Ìyá Wùmí. Òjò ti wó ògiri ilé ìdáná rẹ̀. Ṣẹ́gun, ọmọ fọ́ọ̀mù fáìfù, ni olórí wa. A po amọ̀, a mọ ògiri, amọ̀ dé orí irun wa! Ìyá ń kí wa ṣáá pé ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ó jèrè o.

Àṣé bí a ti ń ṣiṣẹ́, òun àti Àǹtí Bọ́lá, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wá láti Òṣú, ti ń gúnyán lẹ́yìnkùlé. Ṣé ẹ mọ ọ̀wẹ̀? Bí èèyàn bá bẹ ọ̀wẹ̀, dandan ni kó bọ́ àwọn tó wá bá a ṣiṣẹ́. Ìyá ò mọ òfin tíṣà kankan. Lójú tirẹ̀, ọ̀wẹ̀ la wá ṣe. Adìẹ kan tó ń sìn, ó ti pa á!

Ni wọ́n bá gbé iyán jáde. Háà! Iyán funfun, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹran adìẹ ń ta sánsán. Itọ́ kún mi lẹ́nu. Ṣẹ́gun dọ̀bálẹ̀, ó ní a dúpẹ́, a ti yó. A ti yó kẹ̀! Ògì tí a mu láàárọ̀ ti lọ tipẹ́!

Ìyá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé ojú ló ń tì wá. Ó rọ̀ wá títí. Gbogbo wa wolẹ̀. Ni ojú rẹ̀ bá yí padà. Àwọn aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń wò wá. Obìnrin kan nínú wọn pòṣé. Ìyá wá béèrè jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Wọ́n ti sọ fún ẹ̀yin náà?"

Sọ kí ni? Àǹtí Bọ́lá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi wà lójú rẹ̀. Ó ní gbogbo ọmọ tí Ìyá bí ló ti kú. Láti ìgbà tí Wùmí tó ṣẹ́kù náà ti kú ni àdúgbò ti ń sọ pé Ìyá ló pa wọ́n jẹ. Kò sẹ́ni tó ń fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ó ní bí a bá lọ láìjẹ iyán yìí lójú gbogbo wọn, àjẹ́ ni wọn yóò máa pè é títí tí yóò fi kú.

Ṣé ẹ̀rù ò bà mí ni? Ó bà mí o! Ṣùgbọ́n mo wo ìyá yẹn, ó ń fi etí ìró nu ojú, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an. Mo ṣanwọ́, mo jókòó, mo bu òkèlè. Ṣẹ́gun ní ṣé orí mi pé. Mo sọ ohun tí Àǹtí Bọ́lá sọ sí i létí, mo ní kó jẹ́ kí n gé koríko mi. Ni òun náà bá ṣanwọ́. Bí gbogbo wa ṣe yí abọ́ ká nìyẹn!

Àfi bí Tíṣà Fálóyè ṣe yọ lórí kẹ̀kẹ́! Mo sáré pàdé rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó wo Ìyá, ó wo àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ló bá dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá, ó pariwo kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, ó ní ìyàwó òun ò mọ iyán gún tó báyìí, ṣé ó ku tòun?

Ìyá bú sẹ́kún. Bó ti ń sunkún ló ń bu ẹran fún un. Kò pẹ́ ni bàbá àgbà tó ń gbé ọ̀ọ́kán sọdá títì, ó ní òórùn ọbẹ̀ ò jẹ́ kóun gbádùn. Ó jókòó ti Tíṣà, ó jẹun.

Ṣé ẹ rò pé Tíṣà dárí jì wá? Rárá o! Ní Mọ́ńdè, ó pín àdá fún wa, ó ní òfin ni òfin. A ti ń rojú, àfi bó ṣe bọ́ kóòtù rẹ̀, tó mú àdá tirẹ̀, ó ní òun náà jẹ nínú iyán. Odidi ọ̀sẹ̀ ló fi bá wa gé koríko! Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn títí dòní.

Nígbà tí a padà lọ wo ògiri wa, obìnrin tó pòṣé la bá nídìí ààrò, ó ń bá Ìyá fẹ́ná.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé, ẹni tí a ń ràn lọ́wọ́ náà fẹ́ fún wa ní nǹkan, ẹ má kọ̀ ọ́ fún un. Ìyá dúpẹ́ ògiri o, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ ló ti ń wá láti ọjọ́ yìí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ti gbé oúnjẹ síwájú yín rí, tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò gbọdọ̀ kọ̀ ọ́? Ẹ sọ tiyín, etí mi wà níbí.