Ẹ̀jẹ̀ Lájídé

Ní ọdún 1956, kókó kan wú nínú ikùn Martha, ìyàwó Lájídé, ní Ponyan. Kò tíì bímọ. Dókítà ní bí òun bá gé kókó náà kúrò, ó lè lóyún, ṣùgbọ́n òun kò ní fi ọ̀bẹ kàn án àfi bí ará ilé rẹ̀ bá kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Makutu. Wọ́n ní àwọn ń kọ ebè. Irọ́ ni. Ohun tí wọ́n ń sọ láàárín ara wọn ni pé òyìnbó ń ta ẹ̀jẹ̀. Lájídé ló na apá.

Martha yè. Rebecca, ìyá Lájídé, tí kì í pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ, pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ẹ̀jẹ̀ rẹ ti wọ inú Martha. Ẹ ti di ọmọ ìyá kan náà. Ṣé àbúrò rẹ lo fẹ́ máa bá sùn?"

Láti ọjọ́ náà ni Lájídé ti ń tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo ìyàwó rẹ̀.

Martha padà sí ọsibítù lọ rò ó. Ọ̀rọ̀ náà ya Priscilla, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, lẹ́nu.

"A ò fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sí ọ lára. Tìrẹ kò dà tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan tó já bọ́ lórí ọ̀pẹ la fún ní ti ọkọ rẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

"Ẹ ò béèrè."

Ọsibítù tó gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí kò sọ ibi tó gbé e sí kò gbọdọ̀ bínú bí wọ́n bá pè é lólè. Kí wọ́n tó fà á, kí wọ́n wádìí bóyá aláìsàn náà nílò rẹ̀. Bí wọn kò bá lò ó fún un, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Kò ṣòro.

Martha mú Priscilla wá sí Ponyan kó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Okun o, nọ́ọ̀sì," ni Rebecca fi kí i. "Adìyẹ mélòó ni ìyàwó wa fún ọ kí o tó gbà láti wá?"

"Màmá, mi ò gba nǹkan kan. Èmi ni mo gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ náà kọ́ fún ọkùnrin yẹn."

"Mú un wá ká rí i."

"Ó ti padà sí ìlú rẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó máa ti padà."

Martha kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́," ni Lájídé dáhùn.

"Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ gbé ẹní yín wọlé lálẹ́ yìí."

Lájídé wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń tún gèlè wé. "Jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná," ni Lájídé wí fún Martha.

Ilẹ̀ mọ́ bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Martha di ẹrù rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó fẹ́ Ọlábímtán, àgbẹ̀ kan ní Mopa. Ọmọ méjì ló bí fún un. Lájídé mọ orúkọ àwọn méjèèjì.